Ọkàn Tí Kò Sáré

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Òrùlé yàrá ìdánwò tún ń jò, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀.

Òní la bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá torí àyà dídùn fi ránṣẹ́ sí wa máa rìn lórí ẹ̀rọ ìrìn bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, wáyà láyà, kí ìlà ọkàn wọn máa jáde lórí ìwé. Àmọ́ bí wọ́n bá ti sọ̀ báyìí, kí èémí wọn tó balẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, dókítà tuntun á sì fi síkáànì wo bí ọkàn ṣe ń fún. Tó bá yá, a ó mọ èyí tó ń sọ òótọ́ jù nínú méjèèjì nípa iṣan ọkàn tó bá dí.

Dókítà Àgbà ò fẹ́ràn ẹ̀. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n káwọ́ gbera. "Ẹ̀rọ tí mo ti ń lò kí wọ́n tó bí ọmọ yìí." Dókítà tuntun ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọmọbìnrin náà gbọ́n.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ awakọ̀ bọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la mọ̀ pé torí tiwọn ni síkáànì ṣe dé. Wọ́n rìn níbí, ìwé wọn mọ́ tónítóní, Dókítà Àgbà gbá wọn léjìká, wọ́n ní, "Ọkàn bíi ti ọ̀dọ́mọkùnrin!" Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ṣubú kú sẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ara wọn, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí mo pa ẹ̀rọ nírọ̀lẹ́, mo gbọ́ bàtà awakọ̀ náà lórí ẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn máa ń wọ́ nílẹ̀ díẹ̀. Mo yí padà. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ dúró jẹ́ẹ́. Mo kó báàgì mi, mo sì jáde láìpa iná.

Ọjọ́rú, 4 oṣù kẹfà

Aránṣọ kan wá láàárọ̀. Ìlà rẹ̀ wọlẹ̀ lórí ìwé, bíi ti ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ dí. Síkáànì ní gbogbo ara ọkàn rẹ̀ ń fún dọ́gba, kò sí nǹkan kan. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì tẹ̀ lé e. Ìlà tiẹ̀ tọ́, síkáànì sì ní apá ìsàlẹ̀ ọkàn rẹ̀ ń lọ́ra. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ mi dẹ́rù ba ẹni tí ara ẹ̀ le, ó sì tún ki aláìsàn kú oríire.

Àwọn tí orúnkún ń dùn, a gbé wọn gun kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan. Itan wọn ló kọ́kọ́ ń bẹ̀bẹ̀ kí ọkàn tó ṣe ohunkóhun. Ọkùnrin sanra kan sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun wá mọ̀ nípa ọkàn òun ni, òun ò bá wa ṣàdéhùn pé òun fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi tí kò sí. Dókítà tuntun rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Jẹ́lì tí a fi ń pa àyà fún síkáànì ti wọ́n sí i. Ẹni tó ń tà á ní kí n má wo òun báyẹn, òun kọ́ lòun ń ṣe é.

Ẹtì, 6 oṣù kẹfà

Ìyàwó awakọ̀ wá lónìí. Mo rò pé aláìsàn ni, mo ti ń bi wọ́n léèrè ìwé. Wọ́n ní rárá.

"Ọmọ mi, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo kàn fẹ́ rí ẹ̀rọ tó yìn wọ́n."

Kò sófin tó ní kí n jẹ́ kí wọ́n wọlé. Mo jẹ́ kí wọ́n wọlé. Wọ́n bọ́ bàtà bí ẹni tó fẹ́ wọ pálọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, wọ́n gun orí bẹ́líìtì. Iná ò sí lára ẹ̀, wọ́n sì dúró lójú kan.

"Ibí ni wọ́n dì mú?"

"Ibẹ̀ ni, Màmá."

Wọ́n fọwọ́ méjèèjì di irin náà mú pinpin. Wọ́n ò sunkún. Èmi ni mo wojú fèrèsé. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Wọ́n sọ fún mi nílé pé àwọn rìn dáadáa. Inú wọn dùn lọ́jọ́ náà." Mo ní mo rántí. Mo rántí ju bó ṣe yẹ lọ.

Àìkú, 8 oṣù kẹfà

Òjò dá. Èmi àti Bàbá mi rìn lọ ra gílóòbù iná.

Bàbá mi ò ní nǹkan í fi agboòrùn ṣe, wọ́n ní mẹ́ta nílé. Àmọ́ lónìí, wọ́n dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù alágboòrùn, wọ́n ń bèèrè iye. A rìn díẹ̀, wọ́n dúró lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta aago ògiri. A tún rìn díẹ̀, wọ́n dúró lẹ́nu ilé aṣọ ọmọ tuntun. Aṣọ ọmọ tuntun! Mo ní, "Bàbá, ta ló lóyún?" Wọ́n ní kí n má ya aláìlẹ́kọ̀ọ́, ojú ló ń ra nǹkan kí ọwọ́ tó rà á.

Ìgbà tí a débi ṣọ́ọ̀bù kẹrin ni mo tó wo ọwọ́ wọn. Wọ́n tẹ àtàǹpàkò mọ́ àárín àyà, lábẹ́ ẹ̀wù, bí ẹni tó ń wá bọ́tìnì. Bí wọ́n bá dúró tán, ọwọ́ náà á sọ̀ kalẹ̀. A bá tún máa lọ.

Kápẹ́ńtà ni Bàbá mi kí wọ́n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọn ò gbà rí pé nǹkan kan dun àwọn, kódà lọ́jọ́ tí ayùn gé wọn níka. Ẹgbẹ́ kan náà làwọn àti awakọ̀ yẹn. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Mi ò lè jẹun alẹ́. Mo jókòó, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí ní yàrá kejì, mo sì ń gbọ́ bàtà tó ń wọ́ nílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù kẹfà

Mo ní kí Bàbá mi wá ṣe ìdánwò níbi iṣẹ́ mi. Wọ́n ní àwọn ò lọ.

Ìṣẹ́gun, 10 oṣù kẹfà

Wọ́n ní àwọn á lọ, bí mo bá lè dákẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù kẹfà

Bàbá mi múra bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Wọ́n fá irùngbọ̀n, wọ́n wọ bàtà tuntun. Ní gbogbo ọ̀nà, wọ́n ń sọ fún ẹni tó bá bá wa wọkọ̀ pé dókítà lọmọ àwọn. Mi kì í ṣe dókítà. Èmi ni mo ń lẹ wáyà mọ́ àyà èèyàn tí mo sì ń tẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ. Ó ti sú mi láti máa ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ yẹn.

Iná ò dúró dáadáa lónìí, síkáànì ò ṣiṣẹ́. Dókítà Àgbà ní kò sí wàhálà, ẹ̀rọ ìrìn tó.

Bàbá mi di irin mú bí ẹni tó wà lẹ́yìn alùpùpù. Mo ní kí wọ́n dẹwọ́. Wọ́n dẹwọ́, wọ́n tún dì í mú. Wọ́n rìn gba ìpele kìíní, wọ́n gba ìkejì, wọ́n wọ ìkẹta. Àyà ò dùn wọ́n. Ìlà wọn ò yẹ̀. Ọkàn wọn ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Dókítà Àgbà fa ìwé jáde, wọ́n wò ó lókè, wọ́n wò ó nísàlẹ̀, wọ́n sì gbá Bàbá mi léjìká.

"Ọkàn bíi ti ọ̀dọ́mọkùnrin!"

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe fún awakọ̀. Ejìká ọ̀tún ni, ọwọ́ kan náà, ohùn kan náà. Mo gbójú sókè, mo sì rí ẹni tó dúró lẹ́yìn Bàbá mi lórí ẹ̀rọ náà, tó di irin mú bákan náà. Mo ṣẹ́jú. Kò sẹ́nìkan níbẹ̀.

Bàbá mi na ọwọ́ sókè. "Mo yege!" Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ní kọ́rídọ̀ bá wọn pàtẹ́wọ́.

Àbámẹ́ta, 14 oṣù kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè lórí fóònù. "O ò rí nǹkan mìíràn ṣe? Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ìwọ náà gba kádàrá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń dúró lójú ọ̀nà."

"Àgbàlagbà wo ni kì í dúró lójú ọ̀nà?"

Mo pa fóònù. Bàbá ti ń fi ìwé èsì han aládùúgbò, wọ́n ti há a mọ́ ara dígí. Nírọ̀lẹ́, mo rí wọn lórí àtẹ̀gùn ilé, wọ́n dúró ní àárín, wọ́n ń wo ògiri. Kò sí ohunkóhun lára ògiri yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ní ń bẹ nínú, itọ́ funfun là ń tu síta. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò lè purọ́ fún ìwé tèmi.

Ìṣẹ́gun, 17 oṣù kẹfà

Mo gbóyà, mo lọ sọ ọ̀rọ̀ Bàbá mi fún dókítà tuntun ní yàrá síkáànì. Mo rò pé á ní kí n lọ sinmi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ọkàn wọn sáré dé ibo?"

Mo sọ fún un.

"Kò tó. Fún ọjọ́ orí wọn, ó yẹ kó sáré jùyẹn lọ dáadáa. Sista, ọkàn tí kò sáré kò tíì ṣe ìdánwò. Ṣe lẹ kàn mú un rìn kiri yàrá."

"Awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà ńkọ́?"

Ó ti wo ìwé wọn, ó ní ọkàn tiwọn náà ò sáré. Ó ní dídi irin mú wà ńbẹ̀, irin ló ń bá ẹsẹ̀ gbé ẹrù. Àmọ́ ìyẹn nìkan ò lè mú ọkàn falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan ń dì í mú, kò sì mọ ohun tó jẹ́.

A lọ bá Dókítà Àgbà. Wọ́n ní ọkàn tó balẹ̀ lára àgbàlagbà, ọpẹ́ ni, kì í ṣe ẹjọ́. Mo ṣí ẹnu. Wọ́n ní, "Sista, ṣé ìwọ náà ti di dókítà?" Mo fẹ́ sọ pé Bàbá mi rò bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù kẹfà

Òjò ńlá. Ìyàwó awakọ̀ tún wá, omi ń kán lára wọn. Wọ́n ní ilé ti dákẹ́ jù, àwọn ò mọ ibòmíì tí àwọn lè lọ. Mo fún wọn ní tíì, a jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kọ́rídọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀rù ń bà wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ní tí ọkàn àwọn bá lọ ń ta kìjí níwájú àwọn dókítà ńkọ́? Mo ní ẹ fọkàn balẹ̀. Mo fún wọn lóògùn ọkàn wọn. Mo ní ẹ lo méjì, kó má bàa dójú tì yín. Èmi ni mo bu omi tí wọ́n fi gbé e mì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó sì ṣiṣẹ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹ̀yin náà yìn wọ́n."

Oògùn yẹn, irú èyí tí Bàbá mi ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ń di ọkàn mú kó má sáré. Iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an nìyẹn. Wọ́n di ọkàn wọn tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n gbé e wá bá wa, àwa náà sì yìn ín pé kò jà.

Ìwé tí ilé ìwòsàn yìí ń fún àwọn aláìsàn kí wọ́n tó wá ṣe ìdánwò ló sọ pé kí wọ́n lo oògùn wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Mo ti fún ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn ní ìwé náà.

Màmá ní, "Tíì yín dùn." Mo ní ẹ ṣeun. Mo bu tíì sí i fún wọn.

Ẹtì, 20 oṣù kẹfà

Kí n tó fọ ẹnu ni mo ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn Bàbá mi.

"Bàbá, láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ṣé ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín?"

"Ṣé bí mo ṣe máa lọ dójú tì ọ́ níbi iṣẹ́ ẹ nìyẹn? Mo lò ó. Mo tiẹ̀ fi kan lé e."

Wọ́n sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá wọn, mo sì sunkún bí ọmọdé. Wọ́n ní ta ló kú.

Àìkú, 22 oṣù kẹfà

Dókítà tuntun ti ní kí a dá oògùn náà dúró ọjọ́ méjì péré, kí n máa wọn ẹ̀jẹ̀ wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí wọ́n má sì ṣe iṣẹ́ kankan. Bàbá mi ní àwọn ti yege, kí ló dé tí àwọn tún ń kàwé. Mo ní olùkọ́ ti rí i pé ẹ jí i wò.

Mi ò fi ojú kan oorun. Kò sí oògùn kankan tó ń dì í mú mọ́, èmi ni mo ń ṣọ́ ọ. Awakọ̀ náà jókòó sórí àga pálọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀ mi ò kọjá nídìí àga yẹn.

Ìṣẹ́gun, 24 oṣù kẹfà

Iná wà. Dókítà tuntun ti jókòó sídìí síkáànì, jẹ́lì ti wà lọ́wọ́. Dókítà Àgbà wọlé láìkí ẹnikẹ́ni, wọ́n fara ti ògiri.

"Kí ni kí n dì mú?" Bàbá mi bi mí.

"Ẹ má di nǹkan kan mú, Bàbá. Mo wà lẹ́yìn yín."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọ̀tọ̀ ni ìrìn náà lónìí. Ní ìpele kejì, ọkàn wọn ti ń sáré kọjá ibi tó dúró sí nígbà tó kọjá, àwáwí ti tán. Òógùn bo iwájú orí wọn. Mo ń bi wọ́n, "Ṣé ó ń dùn yín?" Wọ́n ní rárá. Àtàǹpàkò wọn sì ń lọ sí àyà. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan yìí." Wọ́n wo ojú mi.

"Ó ń dùn mí," ni Bàbá mi wí. "Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí."

Mo tẹ bọ́tìnì. A gbé wọn sórí bẹ́ẹ̀dì kíá. Ìlà wọn wọlẹ̀ díẹ̀ lórí ìwé, díẹ̀ tí èèyàn lè jiyàn lé lórí. Àmọ́ kò sí iyàn nínú síkáànì. Gbogbo ara ọkàn ń fún, iwájú ẹ̀ nìkan ló dúró. Mo fojú mi rí i. Dókítà Àgbà sún mọ́ ọn, wọ́n wọ awò, wọ́n bọ́ awò, wọ́n tún wọ̀ ọ́.

Bàbá mi gbórí sókè pẹ̀lú èémí díẹ̀díẹ̀. "Ṣé mo yege?"

"Ẹ ò yege, Bàbá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ló wá ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

Mi ò mọ̀ pé mò ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹkún ni.

Ẹtì, 27 oṣù kẹfà

Ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ọrùn ọwọ́ wọn wọ inú iṣan títí dé ọkàn. Iṣan iwájú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán, ohun tó kù níbẹ̀ ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Wọ́n fi irin kékeré là á. Oníṣẹ́ abẹ ní ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó tètè rí i.

Bàbá mi jí, wọ́n bèèrè oúnjẹ, wọ́n bú nọ́ọ̀sì pé ọbẹ̀ ò níyọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pè, ó ń sunkún, ó ní kí n má bínú. Mi ò bínú. Ó ti rẹ̀ mí jù.

Ìṣẹ́gun, 1 oṣù keje

Dókítà Àgbà ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ti kó gbogbo ìwé àwọn tí a yìn lọ́dún tó kọjá jọ sórí tábìlì, àwọn tí ọkàn wọn kò sáré. Wọ́n ti fúnra wọn yà wọ́n sọ́tọ̀. Irun wọn ò rí bí ẹni tó sùn.

"Sista, èmi àti ẹ la máa pè wọ́n."

A bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Ẹni àkọ́kọ́ ní òun ń bọ̀ lọ́la. Ìkejì bú wa, ó ní ṣé a ò mọ iṣẹ́ wa ni, Dókítà Àgbà ní, "Ẹ máa bú wa, ẹ ṣáà wá." Ìkẹta, ọmọbìnrin rẹ̀ ló gbé fóònù. Dókítà Àgbà ní àwọn ń wá bàbá. Ọmọ náà ní ó ti pẹ́ tí bàbá ti lọ.

Dókítà Àgbà rọra gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n wo ọwọ́ ọ̀tún wọn, ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbá èèyàn léjìká. Wọ́n tẹ nọ́ńbà tó kàn.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù keje

A lẹ ìwé tuntun mọ́ ilẹ̀kùn, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà: KÍ Ẹ TÓ WÁ ṢE ÌDÁNWÒ, Ẹ BI DÓKÍTÀ YÍN BÓYÁ KÍ Ẹ DÁ OÒGÙN ỌKÀN DÚRÓ. Ẹ MÁ ṢE LO OÒGÙN LÉ OÒGÙN. OÒGÙN LÈ MÚ KÍ ÌDÁNWÒ PURỌ́. Dókítà Àgbà ló kọ ọ́ fúnra wọn.

Síkáànì ti di ti gbogbo èèyàn báyìí. Bàbá mi rìn lọ sí ìkóríta lónìí, wọn ò bèèrè iye ohunkóhun.

Ọjọ́rú, 9 oṣù keje

Mo ń tún wáyà tò nígbà tí mo rí ẹsẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ kí ẹni náà tó kan ilẹ̀kùn. Kò tiẹ̀ kàn án. Mo dìde, mo ṣí i.

Ìyàwó awakọ̀ ni. Wọ́n dúró síwájú ìwé náà, wọ́n ń fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

"Oògùn ọkàn," wọ́n ní. "Irú èyí tí wọ́n ń lò?"

Irọ́ wà lẹ́nu mi, ó dùn, ó ti ṣe tán. Mi ò lè pa á lójú wọn.

"Irú ẹ̀ ni, Màmá."

"Ìgbà wo lẹ lẹ̀ ẹ́?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àwa ni a ò sọ fún yín. Ìwé tí a fún yín ló ní kí wọ́n lò ó. Ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe tiyín."

Wọ́n mi orí. Wọ́n gbọ́ mi, mo mọ̀ pé wọ́n gbọ́ mi, kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n tún tọ ìlà ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Wọn ò mọ̀wé," wọ́n ní. "Èmi ni mo máa ń ka nǹkan fún wọn. Tó bá ti wà níbí lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá ti kà á fún wọn."

Mo na ọwọ́ sí wọn. Wọ́n fún mi lọ́wọ́ wọn, ó tutù, a sì jọ dúró síbẹ̀ títí ẹni tó kàn fi dé, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ tó dáa, tó bẹ̀ wá pé kí a jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun kọjá.